Ìka òrùka tó ń ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀: bí mo ṣe ń tún ọwọ́ ọ̀tún mi ṣe lórí gìtá

Tí mo bá ta arpeggio, ìyẹn kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ta ohùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ohùn kọ̀ọ̀kan máa ń dá dúró gedegbe. Bí orin bá wá yá díẹ̀ báyìí, nǹkan á dàrú. Dípò kí n gbọ́ tin-tin-tin-tin, ohun tó máa ń jáde ni tin-tin-titiin. Ohùn mẹ́rin ni mo ta lóòótọ́, àmọ́ méjì tó gbẹ̀yìn á ti gorí ara wọn, àlàfo díẹ̀ á wá wà kí àtàńpàkò tó padà dé. Àbúrò tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ tí mo ti ń ta gìtá ní Ṣómólú ló là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Tó bá ku ẹ̀yin àti gìtá yẹn nìkan, àwa tá à ń kọrin kì í mọ ibi tá a máa gbẹ́sẹ̀ sí."

Àkọsílẹ̀ ohun tí mo ṣe sí i rèé, pẹ̀lú owó tí mo ná àti àwọn èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ àwọn ìka. Lẹ́tà mẹ́rin láti èdè Sípéènì ni ìwé gìtá máa ń lò fún ọwọ́ ọ̀tún: p ni àtàńpàkò, i ni ìfábẹ̀lá, m ni ìka àárín, a ni ìka òrùka. Okùn kìíní ló tín-ín-rín jù, okùn kẹfà ló nípọn jù. Arpeggio tí mò ń sọ ni p-i-m-a: p lórí okùn karùn-ún, i lórí ìkẹta, m lórí ìkejì, a lórí ìkíní, ohùn mẹ́rin sí ìró kan metronome, ẹ̀rọ tó máa ń lù kéèyàn lè mọ àsìkò.

Ọwọ́ jùjú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ìyá mi kan tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú ní Múṣin ló kọ́ mi, ìka méjì péré sì ni Bọ̀dá ń lò, àtàńpàkò fún okùn tó nípọn, ìfábẹ̀lá fún àwọn tó tín-ín-rín. Ọ̀nà àtijọ́ ni. Àwọn atukọ̀ Kúrù láti Liberia wà lára àwọn tó gbé e kiri àwọn ìlú etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn onígìtá inú ilé ẹmu sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ọ̀nà yẹn o. Bí Bọ̀dá bá ń ta á, ẹni tó wà lẹ́yìn ilé á rò pé onígìtá méjì ló jókòó. Àmọ́ ohun tó bá ọwọ́ mi lọ ni pé ìka òrùka àti ọmọńdinrín ò níṣẹ́ kankan ju kí wọ́n dúró lórí pátákó gìtá lọ. Ọdún tó pọ̀ ni wọ́n fi dúró síbẹ̀. Ìgbà tí mo wá ní kí ìka òrùka bá àwọn yòókù ṣiṣẹ́, kò mọ àsìkò tó yẹ kó wọlé.

1. Mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Etí máa ń tan ẹni tó ń ta gìtá fúnra rẹ̀. Mo gbé fóònù sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì síwájú gìtá, mo ki íyápíìsì bọ etí kan kí ìró metronome má bàa wọ inú ohùn tí mò ń gbà sílẹ̀, mo sì ta p-i-m-a ní 60, ìyẹn ìró 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀sán Ṣómólú kò ṣe é gba nǹkan sílẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé ń lù lápá kan, jẹnẹrétọ̀ ń dá a lóhùn lápá kejì. Lẹ́yìn aago méjì òru ni mo tó ráyè.

Mo gbé ohùn náà sínú Audacity, ètò tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni Audacity. Tẹ́ ẹ bá fẹ àwòrán ohùn náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ibi tí ìka ti fi okùn sílẹ̀ máa ń yọ ṣóńṣó. Ẹ fi máòsì fa àyè láti ṣóńṣó kan dé èkejì, á kọ iye àkókò tó wà láàárín wọn sí ìsàlẹ̀ fún yín.

Ní 60, ìró kan gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 1000 milisẹ́kọ́ǹdù. Ohùn mẹ́rin ló pín in, 250 ló yẹ kó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo bá nìyí, tí mo bá ka ìpíndọ́gba:

p dé i: 262
i dé m: 248
m dé a: 188
a dé p: 302

Àtàńpàkò ni mo ti ń bá wí láti ọjọ́ yìí wá, mo ní òun ló ń pẹ́. Ó wá hàn pé àtàńpàkò ń bọ̀ lásìkò tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìka òrùka ló tẹ̀ lé m gbọ̀ngbọ̀n, tó ta okùn tirẹ̀ ṣáájú àsìkò, tó wá fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. Ṣóńṣó tirẹ̀ ò ju ìdajì ti m lọ.

2. Okùn

Kò dáa kéèyàn dá ìka lẹ́bi tán kó tó yẹ gìtá wò. Gìtá onínáílọ́ọ̀nù ni tèmi, okùn ara rẹ̀ sì ti gbó. Àwọn mẹ́ta tó tín-ín-rín ṣì ń gbìyànjú. Àwọn mẹ́ta tó nípọn, tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé lára, ti kú, torí òógùn àti ìdọ̀tí ti jókòó sáàárín wáyà. Ohùn p wá ń dún bọ̀ọ̀, èmi náà ń fi agbára ta á kó lè jáde, gbogbo ọwọ́ á sì le gbagidi.

Mo ra odindi páálí kan ní Yábàá, ₦11,000. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ gbé okùn onírin fún mi, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Irọ́ ni o. Agbára tí okùn onírin fi ń fa gìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti náílọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá fi onírin sára gìtá onínáílọ́ọ̀nù, ọjọ́ kan ni bíríjì, igi kékeré tí wọ́n so ìdí okùn mọ́, á ṣí kúrò lára pátákó. Mo dá a padà.

Náílọ́ọ̀nù tuntun máa ń fà fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó dúró sójú kan. Ẹ má wọn nǹkan kan láàárín àsìkò yẹn. Ìdààmú tuner, ẹ̀rọ tó ń yẹ ohùn okùn wò, á kàn kó yín láyà jẹ ni.

3. Èékánná

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí èékánná mi. Èyí tó wà lórí ìka òrùka gùn tó milimítà 3 kọjá ẹran, nígbà tí ti i àti m ò ju 1.5 lọ. Igun rẹ̀ lápá àtàńpàkò tún ní ẹnu kékeré kan bí ìwọ̀ ẹja. Gbogbo ìgbà tí ìka òrùka bá fẹ́ ta okùn kìíní ni okùn yẹn máa ń kọ́kọ́ há síbẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ pé yóò há, ló ṣe ń tètè jù ú.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo fi fáìlì onígíláàsì, ₦1,500, fá a títí ó fi kù bíi milimítà 1.5. Ọ̀nà láti mọ ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ àtẹ́lẹwọ́ sí ojú ara yín, kẹ́ ẹ wo orí ìka ní ọ̀gangan ojú. Tí èékánná bá yọ díẹ̀ lókè ẹran, ó ti tó. Mo wá dá a sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti igun tó kọjú sí àtàńpàkò, torí ibẹ̀ ni okùn ti ń wọlé, ó yẹ kó rí ibi yọ́ gbà jáde.

Fáìlì nìkan kò tó. Tẹ́ ẹ bá fi èékánná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ta okùn, ẹ ó gbọ́ ṣáa-ṣáa. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò fún àwọn tó ń kun mọ́tò, mo ra pépà tí wọ́n fi ń ha ọ̀dà, nọ́ńbà 1000, 1500 àti 2000, ₦300 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó lò ó. Fún 2000, mo ká a sórí okùn kìíní, ojú tó ń ha síta, mo wá ń ta á bí ẹni ń ta gìtá gan-an. Bẹ́ẹ̀, ibi tí okùn ń gbà kọjá gẹ́lẹ́ ló ń dán, kì í ṣe ibi tí mo rò pé ó ń gbà.

Iṣẹ́ yìí nìkan gbé m dé a láti 188 sí 210. Ìka ò tíì kọ́ nǹkan tuntun kankan.

Ká má gbàgbé, Èkó la wà. Èékánná ìka àárín ya mọ́ mi lọ́wọ́ níbi ilẹ̀kùn dánfó ní Ojúẹlẹ́gba. Mo gba Tẹ̀júoṣó lọ bá àwọn obìnrin tó ń lẹ èékánná. Èyí tí mo bá wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. "Bọ̀dá, ìka kan ṣoṣo? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní gìtá ni. Ó ní òun ti rí oríṣiríṣi lọ́jà yìí. ₦1,000 ló gbà. Èyí tó lẹ̀ náà nípọn jù, ohùn rẹ̀ ń dún bí ike, ó di kí n fi fáìlì àti pépà mú un fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó sin mí títí tèmi fi hù.

4. Àwọn ohun tí kò ṣiṣẹ́

Fífi metronome kún ní 4 lójoojúmọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń gbani nímọ̀ràn yìí. Láti 60, mo fi díẹ̀díẹ̀ dé 88, inú mi ń dùn. Mo wá wọ̀n ọ́n. Ní 88, 170 ló yẹ kó kan ohùn kọ̀ọ̀kan. M dé a mi jẹ́ 96. Mo kàn ti kọ́ ìka náà láti máa ṣi í ṣe kíákíá ni.

Rọ́bà. Ẹnì kan ní kí n fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó de àwọn ìka pọ̀, kí n máa fẹ̀ wọ́n kí ìka òrùka lè lágbára. Ẹ̀yìn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mo jù ú nù. Okùn náílọ́ọ̀nù kò gba agbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ bá ń ro kó dúró lọ́jọ́ yẹn, kó má ta á mọ́.

Fífi ọmọńdinrín gún pátákó. Èyí ló ṣòro jù fún mi láti fi sílẹ̀, torí bí mo ṣe mọ gìtá sí nìyẹn. Ẹ dán nǹkan kan wò: ẹ gbé ọwọ́ lé orí tábìlì, ẹ ká ìka àárín sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí orí àwọn ìka yòókù kan tábìlì. Ẹ gbé ìfábẹ̀lá sókè, á gbéra. Ẹ wá gbé ìka òrùka. Ṣé ẹ rí i pé kò fẹ́ gbéra? Àwọn iṣan tó ń gbé ìka àárín, ìka òrùka àti ọmọńdinrín sókè so mọ́ra wọn lẹ́yìn ọwọ́. Tí ọmọńdinrín bá ti tẹ pátákó mọ́lẹ̀, ẹ ti so ìka òrùka mọ́lẹ̀ nìyẹn. Mo wá jẹ́ kí ọmọńdinrín máa bá a lọ bá a bọ̀, láì kan nǹkan kan. Nígbà tí mo bá ń ta jùjú, mo ṣì máa ń gún un mọ́ pátákó, kò sí wàhálà níbẹ̀.

5. Gbígbé ìka dúró de okùn

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Tẹ́lẹ̀, ìka mi máa ń wà lófuurufú, á wá já wálẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Mo fi fóònù ya fídíò rẹ̀, mo mú un falẹ̀: ìka òrùka ń gbéra tó sẹ̀ǹtímítà 2 kúrò lórí okùn. Ìrìn àjò tó pọ̀ tó yẹn kì í bọ́ sí àsìkò.

Mo gbé metronome sí 40, ohùn kan sí ìró kan:

Nígbà tí p bá ta okùn karùn-ún, ní ìṣẹ́jú yẹn náà ni i, m àti a á jọ balẹ̀ sórí okùn kẹta, ìkejì àti ìkíní. Wọn ò gbọdọ̀ dún.
i ta. m àti a ò mì.
m ta. a ò mì.
a ta, àmọ́ kó tó ta, p ti gbọ́dọ̀ wà lórí okùn karùn-ún.

Nǹkan kan á kọ́kọ́ bí yín nínú: okùn tó ṣì ń dún á dákẹ́ lójijì nígbà tí ìka bá padà balẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ló ń sọ bóyá ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ dé. Tí eré bá wọ̀ ọ́, etí ò ní gbọ́ ọ mọ́.

Níbi tí m ti ń ta, ìka òrùka ṣì ń fẹ́ bá a lọ. Mo rí i kedere báyìí, torí ó wà lórí okùn, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń gbọ̀n. Mo dín metronome kù sí 30, mo sì ń dúró lẹ́yìn m títí ìgbọ̀n yẹn fi lọ. Ó súni. Ibẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, mi ò sì rí ọ̀nà àbùjá kankan.

Tó bá jẹ́ p-a-m-i, ìyẹn láti okùn kìíní padà sókè, ẹ má gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lẹ́ẹ̀kan náà. a nìkan ló ń bá p balẹ̀. M á balẹ̀ nígbà tí ìka òrùka bá ta. I á balẹ̀ nígbà tí m bá ta.

6. Fóòmù

Òru ni mo ń ráyè, ilé tí mò ń gbé sì jẹ́ yàrá kọjú sí yàrá. Ìyá onílé kan ilẹ̀kùn: "Onígìtá, jẹ́ ká sùn ná." Mo gé fóòmù ìrọ̀rí àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo ki í sábẹ́ okùn nítòsí bíríjì. Ohùn wá di tú-tú-tú, kò jáde kúrò nínú yàrá.

Nítorí oorun àwọn ará ilé ni mo ṣe ṣe é, àmọ́ àǹfààní rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí kọjá bẹ́ẹ̀. Okùn tí ò dún pẹ́ kò lè bo àlàfo mọ́lẹ̀. Ohùn tó bá ṣáájú, tàbí tó rẹlẹ̀, etí á mú un lọ́gán láìsí kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà yẹn, kódà lọ́sàn-án, fóòmù ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

7. m àti a nìkan

Mo mú àwọn méjèèjì yọ sọ́tọ̀ lórí okùn kejì àti ìkíní. m gùn, a kúrú. Lẹ́yìn náà m kúrú, a gùn. Ìkejì yẹn ló fa wàhálà, torí ìka òrùka gbọ́dọ̀ dúró kó tó jẹ́ kí m padà. Lẹ́yìn rẹ̀, mo padà sí p-i-m-a, mo ń tẹnu mọ́ ìka kan ṣoṣo: ìgbà kan, i nìkan ló ń ròkè, ìgbà mìíràn, m, ìgbà mìíràn, a. Ìka tí ẹ bá lè ní kó ròkè tàbí kó rẹlẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, á gbọ́ràn nípa àsìkò náà.

Àbúrò kan tó kọ́ orin ní MUSON ní Oníkàn ló wá fi ìdánrawò Mauro Giuliani hàn mí. Ará Ítálì ni Giuliani, Vienna ló ń gbé nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1812, ìdánrawò 120 fún ọwọ́ ọ̀tún. Ọgbọ́n tó dá síbẹ̀ dùn mọ́ mi: kọ́ọ̀dù C àti G7 ni ọwọ́ òsì kàn ń lọ tó ń bọ̀, kí gbogbo ọkàn lè wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọ̀fẹ́ lẹ máa rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ta gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ìka òrùka ti níṣẹ́ púpọ̀ nínú wọn ni mo ṣà jọ.

8. Eré

Nígbà tí 60 ti dúró dáadáa, mi ò padà sí fífi 4 kún un. Mo gbé metronome sí 96 lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ta p, mo jẹ́ kó dún fún ìró méjì, gbogbo ìka ti wà lórí okùn. Mo wá ta p-i-m-a ẹyọ kan, mo balẹ̀ sórí p, mo dúró. Mo mí. Mo tún un ṣe. Ohùn mẹ́rin péré kò tó ohun tí ọwọ́ máa le sí.

Nígbà tí ẹyọ kan bá mọ́, mo sọ ọ́ di méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Gígùn ni mo ń fi kún, metronome ò kúrò lójú kan. Bí èjìká bá ti ń gòkè tàbí tí eyín bá ń pa dé, mo dín gígùn kù padà.

9. Mo tún un wọ̀n

Fóònù kan náà, ibi kan náà, aago òru kan náà. Ní 60, níbi tó ti yẹ kó jẹ́ 250:

p dé i: 251
i dé m: 249
m dé a: 244
a dé p: 256

Ní 96, tí 156 yẹ kó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan:

p dé i: 160
i dé m: 155
m dé a: 148
a dé p: 162

Ìka òrùka ṣì ń ṣáájú díẹ̀ ní 96, àmọ́ ẹni tí kò bá wo kọ̀ǹpútà kò lè gbọ́ ọ. Ṣóńṣó tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti m dọ́gba. 100 ni mo fojú sùn; mo lè ta á, mi ò tíì kà á kún, torí tó bá ti kọjá ìlà orin mẹ́rin, m dé a á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún.

Owó: okùn ₦11,000, fáìlì ₦1,500, pépà mẹ́ta ₦900, èékánná Tẹ̀júoṣó ₦1,000. Gbogbo rẹ̀ ₦14,400. Metronome fóònù, Audacity àti fóòmù ò gba kọ́bọ̀. Tí owó bá há, ẹ fi pépà àti fáìlì ṣíwájú okùn.

p-a-m-i ló kù. Ní 84, 179 ló yẹ kó kan ohùn kọ̀ọ̀kan. P dé a jẹ́ 190, a dé m 158, m dé i 176, i dé p 190. Àwọn méjì yẹn náà ni, wọ́n kàn gba ẹ̀yìn yọ ni. Mo ti dá metronome padà sí 44, fóòmù sì ti wà lábẹ́ okùn.